Ṣéńjì Ìwọlé, Ṣéńjì Ìsọ̀kalẹ̀: Àtúnyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Kan Lẹ́nu Èrò Ọkọ̀ ní Dọ̀pẹmu

Ojúgbà mi kan nídìí iṣẹ́ ìwádìí èdè sọ ọ̀rọ̀ kan ní àpérò tí a jọ wà láìpẹ́ yìí, tí mi ò lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àyálò tí Yorùbá kò nílò rárá ni ṣéńjì: owó kéékèèké ti wà nílẹ̀ ká tó yá a, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló sì ní lẹ́nu wa. Ó wá gba àwọn olùkọ́ níyànjú pé kí wọ́n máa fi bírò pupa fa igi lé e nínú àròkọ ọmọ ilé-ìwé. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí ọ̀mọ̀wé yìí ti ṣe lórí àwọn ọ̀rọ̀ tó ti inú èdè Lárúbáwá wọlé. Lórí ṣéńjì, inú ìwé ló ti wo ọ̀rọ̀ náà. Kò wò ó nínú mọ́tò.

Ohun tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò kò tún yẹ kó gba àyè lọ́wọ́ wa níbí, òǹkàwé jọ́nà yìí ti mọ̀ ọ́n. Bí ìró tí Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣe di ṣ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣáǹsì, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dà nínú ṣéńjì. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń pe ìró náà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ìtumọ̀.

Àwọn ìlò tó yẹ ká yára kọjá

Ṣéńjì máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Awakọ̀ ń ṣéńjì gíà. Ọ̀rẹ́ tí kì í kíni mọ́ ti ṣéńjì. Ẹni tó fara ya síni lójijì ṣéńjì fúnni. Ní ìdíje ìbò 2015, ọ̀rọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ òṣèlú APC ń pariwo káàkiri, àwọn Hausa ń pè é ní canji, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè béèrè ṣéńjì rẹ̀ nínú mọ́tò l'Ékòó láìsí pé ará ẹ̀yìn kan fi òṣèlú dá a lóhùn.

Ní ti owó, ẹ kíyè sí i pé àwọn àgbà kì í sábà ṣéńjì náírà. Ṣíṣẹ́ ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ: “Ẹ bá mi ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún kan yìí.” Dọ́là àti póùn ni wọ́n ń ṣéńjì lọ́dọ̀ àwọn mọ̀lá. Kékeré kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kò kúrò lójú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò ló lọ wá ibi tó ṣófo jókòó sí. Ojúgbà mi kò mẹ́nu kan èyí.

Ọwọ́ ta ni owó wà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí abẹ́ bíríjì Dọ̀pẹmu, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí ọkọ̀ Akọ́wọ́njò, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkọ̀tún ti ń kó èrò. Kọ̀ńdọ́ kan rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dánfó, ó ká owó gígùn-gígùn sáàárín ìka, ó ń ké: “Ìkọ̀tún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o! Mi ò ní ṣéńjì o!” Màmá kan wọlé pẹ̀lú ₦1,000. Ọmọkùnrin kan tó jókòó tì í náà mú ₦1,000 jáde. Kọ̀ńdọ́ kùn, àmọ́ ó gbà á. Nígbà tí ọkọ̀ dé Ìkọ̀tún, màmá ní, “Kọ̀ńdọ́, ṣéńjì mi dà?” Kọ̀ńdọ́ dáhùn: “Màmá, ẹ má bínú, kò sí ṣéńjì tí màá fi fún yín ní ṣéńjì yín. Ẹ̀yin àti bọ̀dá yìí ni màá jọ́ìnì.” Ló bá fi ₦1,000 kan lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́, ọkọ̀ sì gbéra. Àwọn méjèèjì, tí wọn kò mọra rí, wá di alájọni lẹ́bàá títì, wọ́n ń wá alátẹ tí yóò bá wọn ṣẹ́ ẹ.

Ẹ padà sí gbólóhùn kọ̀ńdọ́ yẹn: “Kò sí ṣéńjì tí màá fi fún yín ní ṣéńjì yín.” Ọ̀rọ̀ kan náà ló wáyé lẹ́ẹ̀méjì. Bí ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní, gbólóhùn náà ì bá ti ta ko ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èrò kan tó ní kó tún un sọ. Ẹ fi owó kéékèèké rọ́pò rẹ̀ níbi méjèèjì, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ dàrú. ₦500 tí wọ́n jẹ màmá kì í ṣe owó kéékèèké rárá, odindi owó ọkọ̀ mìíràn ni. Ẹni tó fi ₦20,000 ra aṣọ ₦12,000 ní ṣéńjì ₦8,000 láti gbà, kò sì sí ẹni tí yóò pe ìyẹn ní owó kéékèèké.

Mo dábàá pé ká pe àkọ́kọ́ ní ṣéńjì ìwọlé, ká pe èkejì ní ṣéńjì ìsọ̀kalẹ̀. Ṣéńjì ìwọlé ni owó tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ohun tí a fẹ́ san. Bó ṣe tóbi tó kò kan ọ̀rọ̀: ₦500 ẹyọ kan jẹ́ ṣéńjì fún ọkọ̀ Ìkọ̀tún yìí, kì í ṣe ṣéńjì fún kọ̀rọ̀pẹ̀ tó ń gba ₦200. Ṣéńjì ìsọ̀kalẹ̀ ni ohun tó kù síni lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń pín wọn níyà. A ń ní ṣéńjì ìwọlé, a ń mú un dání, a ń tọ́jú rẹ̀ láti alẹ́ àná. Ṣéńjì ìsọ̀kalẹ̀ ni a ń gbà, tí a ń béèrè, tí a ń fi sílẹ̀ fún kọ̀ńdọ́ tí ó bá rẹni tàbí tí ojú bá ń tini. Òun nìkan náà ni èèyàn lè jẹ. Ẹ wo “Ó jẹ mí ní ṣéńjì” lẹ́gbẹ̀ẹ́ “Ó jẹ ṣéńjì mi.” Ohùn jẹ kò yí padà. Nínú ti àkọ́kọ́, gbèsè wà nílẹ̀, ìrètí sì wà. Nínú ti èkejì, owó ti wọ ikùn kọ̀ńdọ́, ọkọ̀ ti lọ. Èrò Dọ̀pẹmu kì í ṣi méjèèjì lò. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kọ̀ńdọ́ jẹ ṣéńjì ìwọlé òun, nítorí ọwọ́ oníǹkan ni nǹkan ṣì wà.

Àtakò kan wà tí mo mọ̀ pé yóò jáde. Ṣebí kọ̀ńdọ́ ní “ṣéńjì ẹ” nígbà tó ń pe èrò, èrò náà sì ní “ṣéńjì mi” nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀? Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà nígbà tí oníǹkan jẹ́ ọ̀kan náà? Ìdáhùn mi ni pé àtakò yìí gan-an ló gbè mí. Oníǹkan kò yí padà, ọwọ́ tí owó wà ló yí padà. Ìdí nìyẹn tí “dà” kò fi lè bá ṣéńjì ìwọlé lọ lẹ́nu èrò: èèyàn kì í béèrè ohun tó wà nínú àpò ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ojúgbà mi tún fa ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì yọ, ó ní ìtumọ̀ méjèèjì ti wà níbẹ̀, a kò fi nǹkan kan kún un. Bó bá jẹ́ pé méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní, tí a sì yá méjèèjì, báwo ni tiwa ṣe wá di ọ̀kan ṣoṣo? Kí ó mú ọ̀kan nínú àríyànjiyàn méjèèjì. Àwọn tó ni atúmọ̀-èdè Oxford gba dánfó àti ọ̀kadà wọlé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, wọn kò mú bírò pupa.

Láti orí tọ́rọ́ dé orí tìránsífà

Nígbà tí à ń ná póùn, ẹyọ owó kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ: oníní, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, ó gba orúkọ kọ́bọ̀ mọ́ra, ó sì fi tọ́rọ́ àti sísì sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Ẹyọ owó 50 kọ́bọ̀, ₦1 àti ₦2 tí Báńkì Àpapọ̀ kó jáde ní 2007 kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́jà. Ó jọ pé bí orúkọ àwọn owó wẹ́wẹ́ ṣe ń kú ni ṣéńjì ìwọlé ń gbòòrò láti gba àyè wọn. N kò ní kí ẹ fi gbogbo ara gbà á, àmọ́ mi ò tíì rí àlàyé mìíràn tó lè dúró.

Ọ̀wọ́n owó tó dé lẹ́yìn tí wọ́n gbé ₦200, ₦500 àti ₦1,000 tuntun jáde ní oṣù Kejìlá 2022 tún da nǹkan rú. Àwọn tí kò fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù rí bẹ̀rẹ̀ sí í tìránsífà fún kọ̀ńdọ́. BRT Òṣòdì sí Abúlé-Ẹ̀gbá, tó ń kọjá ní Dọ̀pẹmu láti 2020, káàdì ló ń gbà. Ẹni tó ń fi káàdì wọlé kò mú ṣéńjì kankan dání, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ṣéńjì ìwọlé máa kógbá sílé díẹ̀díẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ kò ní í lọ níbi kankan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èrò lábẹ́ bíríjì: “Fi ṣéńjì mi ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi.”

Láti ibẹ̀ ni ọkàn mi ti ń fà sí ìbátan rẹ̀ kan tí mo ń kó àpẹẹrẹ rẹ̀ jọ báyìí, ìyẹn ṣáàjì. A ń ṣáàjì fóònù, a ń ṣáàjì ọ̀daràn sí kóòtù, oní-POS sì ń gba ṣáàjì lórí owó tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò gbà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu Yorùbá, bí wọ́n tilẹ̀ ti ilé kan náà wá. Ohun tí mo sì fẹ́ kọ́kọ́ tú wò ni àríyànjiyàn kan tí kò tíì parí láàárín èrò àti kọ̀ńdọ́ ní Dọ̀pẹmu: bí kọ̀ńdọ́ bá fi tìránsífà dá ṣéńjì padà, ta ni yóò san ṣáàjì rẹ̀?