Omi fà, ẹyẹ òfú fi erékùṣù Gunnison sílẹ̀

Bí oṣù kẹta bá ti wọlé, ẹyẹ òfú funfun, ẹyẹ ńlá tó ní àpò lábẹ́ ẹnu, á máa dé láti Mẹ́síkò sí adágún Great Salt Lake ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà. Erékùṣù Gunnison ni wọ́n máa ń yé sí. Iyọ̀ adágún náà kò jẹ́ kí ẹja gbé inú rẹ̀, wọ́n á fò tó 50 kìlómítà kí wọ́n tó rí oúnjẹ ọmọ. Wàhálà ńlá ni o! Ṣùgbọ́n omi tó yí erékùṣù ká ni ààbò wọn.

Omi ọ̀hún ti wá fà, torí wọ́n ń darí odò tó ń wọ inú rẹ̀ sí oko àti ìlú. Ilẹ̀ yọ, kòyótì, ẹranko tó jọ ajá, fẹsẹ̀ rìn dé ìdí ìtẹ́. Lọ́dún 2023, àwọn òfú pa Gunnison tì.