Ìtàn Ìmọ́lẹ̀, Ooru àti Ọ̀rinrin Nínú Ọ̀gbìn Igbó Inú Ilé: Láti Paris dé Austell

Láti ọdún 2019 ni òfin ìpínlẹ̀ Georgia ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ díẹ̀ máa gbin igbó láti fi ṣe òróró fún àwọn aláìsàn. Inú ilé nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbìn ín. Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Austell àti àyíká rẹ̀, ní ìwọ̀-oòrùn Atlanta, ẹnu kò kò lórí ibi tí ọgbọ́n ọ̀gbìn inú ilé yìí ti ṣẹ̀. Àwọn kan ní àwọn tó ń sá fún ọlọ́pàá ní California ló dá a sílẹ̀, àwọn mìíràn ní àwọn tó ń rán ènìyàn lọ sójú òfúrufú ni. Àwọn ìwé náà kò gbè é lẹ́sẹ̀: ìwé àwọn onímọ̀ ewéko kò mẹ́nu ba ẹ̀rọ, ìwé àwọn ẹlẹ́rọ kò mẹ́nu ba ewéko, àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ sì wà lọ́tọ̀. Mo kó wọn jọ síhìn-ín kí ọ̀rọ̀ náà lè fìdí kalẹ̀. Nígbà tí a bá tò wọ́n tẹ̀léra, ohun tó hàn ni pé ọgbọ́n mẹ́ta ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti wá, òfin ló sì kó wọn pọ̀ sínú yàrá kan náà.

Òru ló ń mú igbó tanná (1912 sí 1959)

Bí òru bá kúrú, ewé àti ẹ̀ka ni igbó máa ń yọ. Ìgbà tí òru bá gùn tó ni òdòdó ń jáde, ara òdòdó abo sì ni oje tí wọ́n fi ń ṣe òróró pọ̀ sí jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tan iná fún un fún nǹkan bíi wákàtí 18 lójúmọ́ nígbà tó bá ń dàgbà, tí wọ́n á sì dín in kù sí 12 nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó tanná. Ta ló kọ́kọ́ mọ èyí? Nínú gbogbo àríyànjiyàn tó wà nínú ìtàn yìí, èyí ló tọ́ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ wò jù.

Ọ̀pọ̀ ìwé Amẹ́ríkà fi ògo náà fún Wightman Garner àti Harry Allard, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ ní Arlington, lẹ́bàá Washington. Tábà kan tí wọ́n ń pè ní Maryland Mammoth ló kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú. Nígbà ooru, á ga fíofío láìtanná. Nínú ilé onígíláàsì nígbà òtútù, á tanná nígbà tí kò tíì ga rárá. Ní oṣù Keje ọdún 1918, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn kan wọ inú ahéré dúdú ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á sì gbé wọn jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn tí wọ́n ń gbé wọlé tètè tanná, àwọn tó wà níta kò tanná. Ọdún 1920 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1912, ọdún mẹ́jọ ṣáájú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní École Normale Supérieure ní Paris, Julien Tournois, ti tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde. Igbó gan-an ló fi ṣe é, òun àti hop ilẹ̀ Japan, ẹbí ewéko tí wọ́n fi ń po ọtí bíà. Ó ti rí i pé àwọn tí wọ́n gbìn sínú ilé onígíláàsì nígbà òtútù máa ń tanná nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ó wá dín ìmọ́lẹ̀ àwọn kan kù sí wákàtí mélòó kan lójúmọ́, àwọn náà sì tètè tanná. Ní 1914 ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé gígùn òru ló ń fà á ju kíkúrú ọ̀sán lọ. Ọdún yẹn ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, ó sì kú sójú ogun.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ pé ewéko tí Tournois dán wò kò pọ̀, àti pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú ewéko ló kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Òótọ́ ni méjèèjì. Òótọ́ sì ni pé Garner àti Allard ló fi hàn pé òfin kan náà ń darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irúgbìn, láti orí tábà dé orí ẹ̀wà sóyà. Síbẹ̀, gígùn ọ̀sán ni àwọn méjèèjì ń kà. Ó di 1938 kí Karl Hamner àti James Bonner, ní Yunifásítì Chicago, tó fi ìmọ́lẹ̀ ìgbà díẹ̀ dá òru gígùn sí méjì, tí ewéko wọn sì kọ̀ láti tanná. Ìgbà náà ló tó hàn gbangba pé ohun tí Tournois ti sọ ní ọdún 24 ṣáájú ló tọ̀nà. Nítorí náà, Tournois ló rí i, Garner àti Allard ló sọ ọ́ di ìmọ̀ tó kárí ayé. Ìwé tó bá yọ orúkọ Tournois kúrò ń fi ẹ̀tọ́ òkú dù ú.

Ní Beltsville, ní Maryland, Harry Borthwick àti Sterling Hendricks fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ pupa ló ní agbára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1959 ni wọ́n rí èròjà inú ewéko tó ń gba iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹ̀kọ́ yìí ló mú kí àwọn tó ń gbin igbó máa dí gbogbo ihò yàrá, nítorí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó bá yọ́ wọlé lóru lè da títanná rú.

Ní Ìbàdàn àti Oǹdó, òru kì í jìnnà sí wákàtí 12 ní gbogbo ọdún, torí náà igbó tí àwọn kan ń gbìn sáàárín igbó kìjikìji ìpínlẹ̀ Oǹdó kò nílò àtùpà kankan. Ní Austell, ọ̀sán ń gùn ju wákàtí 14 lọ ní oṣù Kẹfà, kò sì tó 10 ní oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá fẹ́ kó tanná yípo ọdún níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òru.

Ọ̀rinrin: ẹ̀bùn bébà àti òwú (1902 sí 1949)

Ní 1902, ilé ìtẹ̀wé Sackett-Wilhelms ní Brooklyn wà nínú ìṣòro. Ọ̀rinrin ń mú bébà wọn wú, àwọ̀ yíǹkì kò sì jókòó síbi tó yẹ mọ́. Willis Carrier ló ya ẹ̀rọ tó yanjú rẹ̀. Fífa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún. Ní ìhà gúúsù, ìṣòro òdìkejì ló wà: afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń já òwú, àwọn ilé iṣẹ́ òwú sì ń wá bí wọ́n á ṣe fi ọ̀rinrin kún un. Stuart Cramer, ẹlẹ́rọ ilé iṣẹ́ òwú ní North Carolina, ló fún ẹ̀rọ amúlétutù ní orúkọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é títí dòní, ní 1906. Ìjà lórí ẹni tó jẹ́ bàbá ẹ̀rọ náà láàárín àwọn méjèèjì kò gbé wa débì kan. Austell pàápàá mọ iṣẹ́ òwú: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ Clark kọ́ ilé ìrànwú àti abúlé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí Clarkdale, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà.

Ní 1949, onímọ̀ ewéko Frits Went kó ìmọ́lẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan fún ewéko, ní Caltech ní California. Tòmátò ló fi fi hàn pé òtútù òru náà ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìdí tí igbó fi nílò èyí kò ṣòro. Ewé ń mí omi jáde nígbàkúùgbà tí iná bá wà. Bí iná bá kú, ooru á lọ sílẹ̀ lójijì, omi inú afẹ́fẹ́ á sì pọ̀ jù fún òtútù yẹn. Òdòdó tó ki á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu láti inú. Ní Georgia, níbi tí afẹ́fẹ́ ìgbà ooru ti kún fún ọ̀rinrin, ẹ̀rọ tó ń fa omi kì í sinmi.

Àtùpà

Ẹlẹ́rọ William Siemens fi iná mànàmáná tan ìmọ́lẹ̀ sí ewéko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1880. Ní àwọn ọdún 1960 ni àtùpà sódíọ̀mù alágbára dé ọjà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ooru rẹ̀ náà pọ̀. Nick Holonyak ṣe LED pupa ní 1962. Ní 1991, àwọn onímọ̀ ní Wisconsin fi LED gbin létúùsì, nítorí wọ́n ń wá bí ènìyàn á ṣe jẹun lójú òfúrufú. Ibí ni ìtàn òfúrufú ti wọlé. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n létúùsì ni, kì í ṣe igbó. LED aláwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa jáde ní 1993. Ní ti àwọn tó ń jà lórí èyí tó dára jù nínú sódíọ̀mù àti LED, owó iná ti dá LED láre.

Bí òfin ṣe tì í mọ́lé (1937 sí 2001)

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi owó orí dí igbó lọ́nà ní 1937, wọ́n sì kà á léèwọ̀ pátápátá ní 1970. Ní 1983 ni hẹlikópítà ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá oko igbó kiri ní àríwá California, àwọn àgbẹ̀ sì kó wọnú ilé. Wọ́n ní ọgbọ́n, ṣùgbọ́n àtùpà, ẹ̀rọ amúlétutù àti ìmọ̀ òru ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ìwé tó bá pè wọ́n ní olùpilẹ̀ṣẹ̀ ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà.

Ooru àtùpà ló padà tú àṣírí wọn. Ní 1992, àwọn agbófinró ní Florence, ìpínlẹ̀ Oregon, fi ẹ̀rọ tó ń rí ooru wo ilé Danny Kyllo, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbin igbó sínú ilé, láti ojú pópó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi ohùn 5 sí 4 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́.

 

Ìmọ̀ tó dé lẹ́yìn, àti Georgia

Yunifásítì Mississippi ti ń gbin igbó fún ìwádìí ìjọba láti 1968. Ní 2008, Suman Chandra àti ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé nǹkan bíi 25 sí 30°C ni ewé ti ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ dáadáa jù. Ní 2021, àwọn ará Yunifásítì Guelph ní Kánádà rí i pé èso òdòdó ń pọ̀ sí i bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, kọjá ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ń dúró.

Ní Georgia, Gómìnà Nathan Deal fọwọ́ sí òfin ọdún 2015, èyí tó gbà kí aláìsàn ní òróró tí THC inú rẹ̀, èròjà tó ń mú igbó pani bí ọtí, kò ju ìdá 5 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti lè rà á. Gómìnà Brian Kemp fọwọ́ sí ti 2019, tó gba ilé iṣẹ́ mẹ́fà láyè. Lẹ́yìn ẹjọ́ púpọ̀, ilé iṣẹ́ méjì, Trulieve àti Botanical Sciences, gba ìwé àṣẹ ní 2022, ilé ìtajà àkọ́kọ́ sì ṣí ní Marietta àti Macon ní oṣù Kẹrin 2023. Marietta ni olú ìlú Cobb, ìjọba ìbílẹ̀ tí Austell wà. Ọ̀daràn ni ẹni tó bá gbìn ín sílé ara rẹ̀ títí dòní.

Owó iná ni ìṣòro tó kù. Ìwádìí kan láti Colorado ní 2021 ṣírò rẹ̀ pé kílò òdòdó gbígbẹ kan ń tú gáàsì tó ń mú ayé gbóná tó tọ́nù 2 sí 5 jáde, àmúlétutù àti àtùpà ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà. Georgia lè yí òfin rẹ̀ padà kí oòrùn ọ̀sán máa tan ìmọ́lẹ̀ sí i lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì máa fi aṣọ dúdú bò ó nírọ̀lẹ́. Ohun tí Tournois fi hàn nìyẹn: òkùnkùn ni igbó ń dúró dè kó tó tanná, òkùnkùn kò sì ní owó iná.