Ẹ Fi Èènì Sí I: Wíwá Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Eré Rọ́ọ̀kì

Ara ṣì ń ro mí lọ́jọ́ kejì tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn lórí WhatsApp. Ó rí ibi tó dúdú lápá mi, ó ní, "Ta ló nà ọ́?"

Mo ní, "Àǹtí mi, kò sẹ́ni tó nà mí o. Òde eré ni mo lọ."

"Irú eré wo nìyẹn? Ṣé ẹ jà ni?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ wo eré rọ́ọ̀kì ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ bí ẹní mowó, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀.

Mo kọ́kọ́ rí i pé ìwé atúmọ̀ èdè lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹni tó bá wo "rock" níbẹ̀ á rí "àpáta", á ní ó di orin àpáta. Ta ló máa gbọ́ orin àpáta tí kò ní rò pé orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì ni? Bẹ́ẹ̀ òkúta kọ́ ni àwọn tó sọ orin náà lórúkọ ní lọ́kàn; mímì ni, kí ara máa mì síwá sẹ́yìn. Ní tèmi, kí á fi orúkọ sílẹ̀ bí orúkọ: rọ́ọ̀kì. Sikiru Ayinde Barrister fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara ìpolówó òkè Fuji ti ilẹ̀ Jàpáànù, tí òun rí ní pápákọ̀ òfuurufú, ni òun ti mú orúkọ fújì. Lónìí, ta ló máa sọ pé fújì kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá? Orúkọ orin kì í béèrè ìtumọ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe nídìí orin ló ń béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "alternative" tún le díẹ̀. Bí a bá pè é ní orin àfirọ́pò, kí ló rọ́pò? Orin tó kọ̀ láti gba títì tí gbogbo ayé ń gbà ni, tó sì jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló kọ́kọ́ ń gbé àwo rẹ̀ jáde. Ọkàn mi fà sí "ẹ̀bùrú", torí ọ̀nà tó yà kúrò ní títì ni ẹ̀bùrú. Ṣùgbọ́n lóde òní, ojú arúfin ni wọ́n fi ń wo ẹni tó bá gba ẹ̀bùrú. Mo fi í sílẹ̀, mo mú "orin ọ̀nà ọ̀tọ̀".

Ní ti eré fúnra rẹ̀, a kò ní láti wá ọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Ó pẹ́ tí àwọn olórin wa ti ya orin inú àwo sọ́tọ̀ kúrò lára eré ojú agbo. Eré ojú agbo náà ni rọ́ọ̀kì. Kódà ilé eré kan wà ní Camden ní Lọ́ńdọ̀nù, Roundhouse, tó rí róbótó bí agbo gan-an. Ọdún 1847 ni wọ́n kọ́ ọ fún ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n lè máa yí orí ẹ́ńjìnnì padà láàárín rẹ̀. Ní 1966, ẹgbẹ́ Pink Floyd àti ẹgbẹ́ Soft Machine ṣeré níbẹ̀, ó sì di ilé orin. Bí mo bá dúró láàárín àwọn òpó irin rẹ̀, tí iná kú, tí èrò hó yèè, agbo ni mo wà, kò sí orúkọ mìíràn fún un.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù ni ti iwájú ìtàgé, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi ara lu ara. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan, bí ìlù ṣe wọlé gbì, àyè là sílẹ̀ láàárín wa bí ìgbà tí wọ́n gbálẹ̀. Àwọn bí ogún bẹ́ sínú rẹ̀, èmi náà bẹ́ sí i. Èjìká ẹnì kan gbá mi láyà, mo tì í padà, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Òógùn ẹni tí n kò mọ̀ rí ń kán sí mi lọ́rùn. Bàtà mi wá yọ̀ lórí bíà tó dà sílẹ̀, mo ṣubú. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mẹ́rin ti gbá mi mú ní abíyá, wọ́n gbé mi nàró. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan na apá rẹ̀ méjèèjì, ó fi ẹ̀yìn dí èrò, títí obìnrin kan fi rí awò ojú mi nílẹ̀. Ó gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀ kí ẹni tó ni ín lè rí i. Ó fi wọ̀ mí lójú. Lẹ́yìn náà ló tì mí padà sínú agbo.

Ta ló ń jà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bí a bá pè é ní ìjà, a ti purọ́ mọ́ ọn. Èdè wa mọ bí a ṣe ń dárúkọ ohun tí èèyàn méjì jọ ń ṣe fún ara wọn: ṣe-fún-mi-kí-n-ṣe-fún-ọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí "agbo tì-mí-n-tì-ọ́". Ìwọ àti èmi la jọ wà nínú orúkọ náà. Ẹni tó bá ń ti èèyàn tí kò sì fẹ́ kí wọ́n ti òun ti rú òfin agbo. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Ẹni tó bá ṣubú ńkọ́, ṣé ẹ ń gbé e dìde?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Ó ti yé mi."

Ọ̀dọ̀ àwọn onídùndún ni mo ti rí ọ̀rọ̀ fún jìtá. Jìtá kan wà tó ń tún ohun kékeré kan lù léraléra, tí gbogbo orin ń fẹ̀yìn tì í: omele ni. Èkejì ń sọ̀rọ̀, ó ń yà, ó ń padà: ìyáàlù ni. Ó wá ku ohùn jìtá tó ha, tó dà bíi pé ẹ̀rọ fẹ́ bẹ́. Ní 1962, Jim Marshall bẹ̀rẹ̀ sí í ta ampilifáyà tirẹ̀ ní Hanwell, ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn onírọ́ọ̀kì yí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sókè pátápátá títí ohùn tó wọ inú rẹ̀ fi ju èyí tó lè gbé lọ. "Ohùn tó bàjẹ́" kò bá a mu, torí ẹwà ni wọ́n ń wá. Ẹ rántí bí egúngún ṣe ń fọhùn: ó ha, ó wúwo, kò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú wa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé ohùn náà bàjẹ́. Ohùn tó gbé aṣọ wọ̀ ni. Mo pe ti jìtá náà ní ohùn eégún.

Ariwo yìí lè ṣe etí níjàǹbá o. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí ariwo ibi iṣẹ́ bá ti dé dẹ̀síbẹ̀lì 85, kí agbanisíṣẹ́ rí i pé òṣìṣẹ́ dáàbò bo etí rẹ̀. Láti 2008 ni òfin náà ti kan ilé orin. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí ẹgbẹ́ My Bloody Valentine ṣeré ní Roundhouse, wọ́n pín èdídí etí fún àwọn tó wá wòran. Èdídí etí: ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ohun tó ń dí ẹnu ìgò ló wá ń dí etí. Bí o kò bá lò ó, etí rẹ á máa hó títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹnì kan lè ní kí ni Yorùbá fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe. Ṣùgbọ́n rọ́ọ̀kì kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní 1973, ẹgbẹ́ BLO gbé àwo Chapter One jáde ní Èkó. Lọ́dún yẹn náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama St Gregory's gbé Try and Love jáde lórúkọ Ofege. Àwọn baba wa jó sí jìtá yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan la kò gbà sílé. Ohun tí èèyàn bá sì fẹ́ràn tí kò lè fi èdè ìyá rẹ̀ ròyìn, àárín àjèjì nìkan ló ti lè gbádùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù ni ti ìparí. Olórin á dágbére, á wọlé, èrò kò ní lọ. Wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa fẹsẹ̀ kilẹ̀, títí á fi padà jáde. Ọ̀rọ̀ Faransé, "encore", ni Gẹ̀ẹ́sì yá fún un, bẹ́ẹ̀ àwọn Faransé fúnra wọn kì í sábà kígbe bẹ́ẹ̀ lóde eré. "Bis" ni wọ́n ń wí. Àwa kò ní láti yá nǹkan kan. Onígàrí á wọn kóńgò tán, á tún bu díẹ̀ lé e. Ó ti mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n pé òun máa bù ú, oníbàárà náà mọ̀, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ béèrè. Orin tó gbẹ̀yìn ti wà nínú ìwé tí olórin lẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé, àwa náà mọ̀, síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ béèrè. Èènì ni.

Ní oṣù tó kọjá, iná ti kú, gbogbo gbọ̀ngàn ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Olúkúlùkù ń kígbe ní èdè tó bá a lẹ́nu. Mo la ẹnu, mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹ fi èènì sí i!" Mo tún un wí, mo tún un wí, títí onílù fi padà jáde nínú òkùnkùn, tó jókòó, tó gbé ọ̀pá ìlù rẹ̀.