Ojú tí Òyìnbó Fi Wo Ẹja Omi Wa

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ojú tí àwọn Òyìnbó tí ó jọba lé wa lórí fi wo ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ni ó wà fún un láti kà: ìwé àdéhùn, ìwé òfin, ìwé ìṣirò owó-bodè. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àwọn òpìtàn kì í sábà yẹ̀ wò, ibẹ̀ náà sì ni àwo oúnjẹ. Ohun tí ènìyàn gbà láti jẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti èyí tí ó kọ̀, a máa fi hàn bí ó ti ka ẹni náà sí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ ẹja yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè Àgọ́sásá àti Ìpókíá, ní ilẹ̀ Ànàgó létí ààlà.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a mọ àwọn ará Àgọ́sásá mọ́, ṣùgbọ́n omi kò jìnnà sí wọn. Odò Yewa ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù títí ó fi wọ inú ọ̀sà Àgbádárìgì, ọ̀sà yìí kan náà ni ó sì so Èkó pọ̀ mọ́ Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Erékùṣù Tongeji, níbi tí iṣẹ́ ẹja ti jẹ́ iṣẹ́ pàtàkì, wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá títí di òní. Àgbẹ̀ a gbé àgbàdo àti gàrí wá sí ọjà, apẹja Ègùn a gbé àrọ̀, ẹpìyà, akàn àti edé gbígbẹ wá. Wọ́n a sì jọ ná an. Ẹja kì í ṣe oúnjẹ lásán ní ilẹ̀ wa. Òun náà wà lára ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ, tí a ó sì wúre fún ọmọ náà pé orí ni ẹja fi í la ibú já.

Ní ọdún 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní ọdún 1863 wọ́n na ọwọ́ dé Ìpókíá, Adó, Òkè-Ọdàn àti Àgbádárìgì. Nígbà tí ó di ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n fa ìlà ààlà: Àjàṣẹ́ àti Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìpókíá bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ka àdéhùn yìí dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ omi kò kéré nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ní omi ni ó ní ọ̀nà, ẹni tí ó bá sì ní ọ̀nà ni yóò gba owó-bodè lórí ọtí àti tábà tí ń wọlé, tí yóò sì rí epo pupa àti èkùrọ́ kó lọ sí Liverpool. Ọ̀nà ni omi jẹ́ lójú wọn. Ẹja inú rẹ̀ kò bá ọkọ̀ lọ sí Liverpool, kò sì mú owó-bodè wá; ohun tí kò bá sì mú owó-bodè wá, akọ̀wé ìjọba kì í sábà rí i.

Kí wá ni àwọn fúnra wọn ń jẹ? A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ wọn. Òyìnbó tí ó ń gbé Èkó a máa rán kúkù rẹ̀ lọ ra ẹja tútù ní ọjà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó fi ọkàn tán, tí ó sì fi ń mọ̀ pé Òyìnbó ni òun, inú agolo ni ó ti ń jáde. Sàdíìnì àti sámọ́ọ̀nù inú agolo wà nínú àpótí oúnjẹ tí àwọn arù ń gbé tẹ̀lé e nígbà tí ó bá ń rin ìrìn àjò káàkiri ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí omi tí ẹja kún inú rẹ̀ ni ó ń gbà kọjá.

Òyìnbó kan wà tí ó wo ẹja wa ní àwòfín: Mary Kingsley, ẹni tí ó wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1893, tí ó sì tún padà wá ní ọdún 1895. Ó kó ẹja jọ láti inú odò, ó rẹ wọ́n sínú ọtí líle, ó sì kó wọn lọ fún Albert Günther ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti London. Günther fi orúkọ obìnrin náà sọ ọ̀kan nínú wọn, *Ctenopoma kingsleyae*, ní ọdún 1896. Lẹ́yìn èyí, láti ọdún 1909 dé 1916, G. A. Boulenger ṣe ìwé ńlá mẹ́rin lórí àwọn ẹja omi tútù ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà nínú ilé kan náà. Iṣẹ́ tí ó ní iyì ni, a sì ń jàǹfààní rẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ẹja tí apẹja ti sọ lórúkọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tún gba orúkọ tuntun nínú ìgò. Ẹja náà di ohun ìmọ̀. Ìmọ̀ ẹni tí ó pa á kò sì wọ inú ìgò bá a lọ.

Ogun ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí ogun ọdún 1939 sí 1945 dí ọ̀nà òkun, tí oúnjẹ òkèèrè sì ṣọ̀wọ́n, ni ìjọba wá rántí pé omi wà ní Nàìjíríà, ẹja sì wà nínú rẹ̀. Nígbà ogun yìí ni wọ́n dá ẹ̀ka iṣẹ́ ẹja sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, tí wọ́n sì fi ibùdó ìsìn-ẹja rẹ̀ sí Oníkan ní Èkó. Ẹ ka ọdún náà dáadáa: láti 1861 dé ìgbà ogun yìí, nǹkan bí ọgọ́rin ọdún ni.

Ó rọrùn láti parí ọ̀rọ̀ síbí, kí a ní ẹ̀gàn lásán ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé Òyìnbó náà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oúnjẹ mẹ̀kúnnù ní London ni oyster, ẹran omi tí ń gbé inú ìkarahun méjì tí ó pàdé. Wọ́n kó o ní àkójù, wọ́n sì ń da ẹ̀gbin ìlú sínú omi tí ó ń gbé. Ní òpin ọdún 1902 àwọn kan jẹ oyster tí ó ti Emsworth wá níbi àsè olórí ìlú ní Winchester àti Southampton. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun mú wọn, àwọn kan sì kú, tí olórí àlùfáà ìjọ ńlá Winchester wà lára wọn. Láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù ti wọ ọ̀rọ̀ oyster. Ẹja tí wọ́n wá fẹ́ràn jù ni cod, tí ọkọ̀ wọn ń lọ pa títí dé ẹ̀bá ilẹ̀ Iceland, títí Iceland fi ti ilẹ̀kùn omi rẹ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1976 lẹ́yìn ìjà púpọ̀. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí ebi ṣì wà nílùú, ìjọba wọn ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún agolo ẹja snoek láti South Africa. Àwọn ará ìlú kọ̀ ọ́, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ológbò ni ó jẹ èyí tí ó kù.

Nínú àwọn ọdún tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú wọn, irú ẹja tí mo ń bá pàdé lórí àwo kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, òkèèrè sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá. Akàn àti edé ńláńlá tí apẹja wọn kó láti inú omi tiwọn, Faransé àti Spain ni ó ń jẹ ẹ́. Ní ọdún 2021 àwọn apẹja Cornwall yí orúkọ akàn kan padà sí orúkọ ọba, kí ará ilé lè gbà á jẹ.

Nítorí náà, ẹni tí kò ka ẹja ilé rẹ̀ sí ni ó wá jọba lé ẹja wa lórí. Àìsàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ìpalára rẹ̀ kò dọ́gba. Ní ilé rẹ̀, bí ó bá kọ akàn, akàn nìkan ni ó kọ̀. Níhìn-ín, ohun tí olórí kọ̀, ọmọ ilé ìwé a kọ́ láti kọ̀ ọ́ pẹ̀lú, a ó sì máa pe ẹni tí ń jẹ ẹ́ ní ará oko.

Ẹ̀rí ìmọ̀ tí a fi ojú fò dá kò sì jìnnà. Ní ọ̀sà láti Àjàṣẹ́ dé Àgbádárìgì, àwọn apẹja a máa ri ẹ̀ka igi mọ́ inú omi tí kò jìn, ẹja a sá wọ inú rẹ̀, a jẹun níbẹ̀, a bí síbẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, wọn a fi àwọ̀n yí i ká. Akaja ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1972 ni R. L. Welcomme, onímọ̀ ẹja kan, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lórí akaja ilẹ̀ Dahomey, ó sì fi hàn pé ẹja tí ń jáde níbẹ̀ pọ̀ ju ti gbangba ọ̀sà lọ jìnnà. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nílẹ̀ fún ọdún méjìlá kí ìwé náà tó jáde.

Àwa náà ńkọ́? Àwọn baba wa kò sọ pé gbogbo ohun inú omi dọ́gba. Nígbà tí Yorùbá bá bi ẹni tí ó ti ìdí ọ̀ràn dé pé, “Ṣé ẹja ni tàbí akàn?”, ẹja ni ìròyìn ayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ méjèèjì ni ó lè fi ọ̀kan ju èkejì lọ. Lónìí, pànlá láti Norway àti ẹja inú yìnyín tí a ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọlé ti gba àwo wa. Àwọn ìyá wa ti sọ ẹja inú yìnyín yìí ní òkú-Èkó, orúkọ tí ó ní ẹ̀fẹ̀ àti òtítọ́ nínú. Àánú ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ òkú-Èkó ní oríṣi mẹ́ta kò lè dárúkọ ẹja Yewa mẹ́ta.

Bí orúkọ bá kú, ìmọ̀ tí ó so mọ́ ọn kì í pẹ́ kú: àsìkò tí ẹja ń gun òkè odò, ibi tí ó ń yé sí, èyí tí a kì í pa nígbà tí ó bá lóyún. Iṣẹ́ yìí kò ju agbára wa lọ. Kí olùkọ́ tí ó wà ní agbègbè Ìpókíá kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí ọjà pẹ̀lú ìwé àti kálámù. Kí wọ́n bèèrè orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ìyá tí ń tà á, ní Ànàgó àti ní Ègùn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì bèèrè omi tí ó ti wá àti oṣù tí a ń rí i. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá tí ń wá orí ọ̀rọ̀ fún ìwé àṣekágbá má ṣe ro pé ọ̀rọ̀ yìí kéré. Àwọn tí ó mọ orúkọ wọ̀nyí ṣì wà láàyè, wọ́n sì ń ná ọjà. Kí a lọ bá wọn.