Àárẹ̀ Tí Kẹmó Ń Mú Wá: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Gbọ́ Ẹnu Ọlọ́kùnrùn

Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1943, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń jó ràn-ìn, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ya bo èbúté Bari ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n sì ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ojú omi jẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣègbé ni John Harvey, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ó fi ìkọ̀kọ̀ kó bọ́ǹbù tí gáàsì mọ́sítáàdì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Stewart Alexander, dókítà ológun, dé láti wá wádìí ohun tí ń pa àwọn atukọ̀ tí a fà yọ nínú omi, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ funfun inú ara wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Májèlé tí ó lè gbẹ ẹ̀jẹ̀ funfun báyìí, ṣé kò ní lè gbẹ jẹjẹrẹ tí inú ẹ̀jẹ̀ funfun ti ń wá? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun létí àwọn kan, nítorí pé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1942, ní Yunifásítì Yale, Louis Goodman àti Alfred Gilman pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti fi ìbátan májèlé náà wo ọkùnrin kan tí kókó jẹjẹrẹ dí lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ fi di ìṣòro fún un láti gbé mì. Kókó náà rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ṣùgbọ́n ó tún padà, ọkùnrin náà sì dágbére fún ayé kí ọdún náà tó parí. Nítorí àṣírí ogun, ọdún 1946 ni ìtàn náà tó di ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé.

Báyìí ni oògùn tí a ń pè ní kẹmó ṣe wọ ayé, láti inú ohun ìjà. Àwọn baba wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó mọ bí wọn yóò ṣe wọn oògùn náà tí yóò fi pa àrùn láìpa ẹni tí àrùn ń ṣe, nítorí gbogbo ohun tí ń yára dàgbà nínú ara ni ó ń dojú kọ: jẹjẹrẹ, gbòǹgbò irun, awọ inú ẹnu, àti mùdùnmúdùn inú eegun níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìtàn òkèèrè nìkan ni mo ń pa. Ní 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tí ó wà ní Uganda, kọ̀wé nípa kókó tí ń hù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé Áfíríkà. Àrùn náà wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú, nílé Olúyọ̀lé, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì, UCH tí a mọ̀ jákèjádò ilẹ̀ wa, ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1957. Victor Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, fi kẹmó wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì rí kókó tí ó ti yí ojú ọmọ padà tí ó yọ́. Ní 1972, òun àti Burkitt wà lára àwọn tí a fún ní ẹ̀bùn Lasker nítorí iṣẹ́ yìí. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń rántí rẹ̀, nítorí orúkọ Ìbàdàn ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn tí ń sọ ìtàn kẹmó.

Síbẹ̀, bí a bá ṣí ìwé àwọn ọdún wọ̀nyẹn, iye ẹ̀jẹ̀ ni a ó bá níbẹ̀, ìwọ̀n kókó ni a ó bá níbẹ̀, iye oṣù tí aláìsàn fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀ ni a ó bá níbẹ̀. Àárẹ̀ tí ń dá ọlọ́kùnrùn dùbúlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ojú ewé tirẹ̀. N kò lè dá àwọn dókítà náà lẹ́bi tán. Ẹni tí ikú ń lé bọ̀, ta ni yóò ráyè bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́? Èébì sì bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Nígbà tí Alan Coates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ọsirélíà bi àwọn aláìsàn léèrè ohun tí ó ń ni wọ́n lára jù nínú ìtọ́jú náà, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1983 fi èébì sí ipò kìn-ín-ní, ìrìndọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ní 1991 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn ondansetron, tí ó ká èébì náà lápá kò. Nígbà tí wọ́n sì tún béèrè irú ìbéèrè kan náà, nínú ìwé tí ó jáde ní 1996, èébì ti lọ sẹ́yìn, àárẹ̀ sì ti bọ́ sí ipò kejì. Àárẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èébì ni kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àárẹ̀ yìí, ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé ni, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Àgbẹ̀ tí ó fi ọjọ́ kan gbáko kọ ebè, bí ó bá wẹ̀, tí ó jẹun, tí ó sì sùn, agbára tuntun ni ilẹ̀ yóò fi mọ́ bá a. Ẹni tí kẹmó tán lókun kò rí bẹ́ẹ̀, yóò sùn títí oòrùn yóò fi kanrí, yóò sì jí pẹ̀lú àárẹ̀ tí ó gbé sùn. Obìnrin tí ó ti ń dá ìkòkò ńlá sọ̀ kalẹ̀ lórí iná yóò jókòó sí etí ibùsùn, bùbá lọ́wọ́ rẹ̀, yóò máa wò ó, apá kò sì ní ṣeé gbé láti wọ̀ ọ́. Mùdùnmúdùn tí oògùn lù kò pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa tó mọ́, afẹ́fẹ́ kò sì dé ibi gbogbo nínú ara bí ó ti yẹ; oorun dàrú, oúnjẹ kò wọlé, ọkàn kò balẹ̀. Ní ti ẹ̀jẹ̀, a rí oògùn kan tí ń mú ara pèsè rẹ̀, erythropoietin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àwọn oníkẹmó ní 1993; ṣùgbọ́n ní 2007 ni àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kìlọ̀ gidigidi nípa rẹ̀, nítorí ewu ẹ̀jẹ̀ dídì àti ti jẹjẹrẹ tí ó lè tún gbilẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí a ń fún àwọn oníkẹmó tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n lọ sinmi. Ìmọ̀ràn àánú ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó fi pamọ́. Ní 1966, ní Dallas, àwọn olùwádìí ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin 5 tí ara wọn le koko dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Nígbà tí wọ́n fi dìde, agbára ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn ti rẹlẹ̀ gan-an. Bí ó bá lè rí báyìí fún ẹni tí kò ṣàìsàn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí oògùn ti sọ di aláìlókun? Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó kọ́kọ́ fi ìdáhùn hàn. Maryl Winningham àti Mary MacVicar, ní Ohio, gbé àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn ń ṣe, tí wọ́n sì wà lórí kẹmó, sórí kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1989: agbára àwọn obìnrin náà lọ sókè. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní Freiburg, ní ilẹ̀ Jámánì, Fernando Dimeo gbé tirẹ̀ dé orí ibùsùn ilé ìwòsàn: àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kẹmó líle jù lọ ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n á wà á fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sinmi fún ìṣẹ́jú kan, títí ààbọ̀ wákàtí yóò fi pé, lójoojúmọ́. Ní 2017, Karen Mustian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 113 jọ, tí aláìsàn inú wọn jẹ́ 11,525, wọ́n sì rí i pé ìdárayá àti ìmọ̀ràn tí ń tu ọkàn lára ń dín àárẹ̀ náà kù ju oògùn àárẹ̀ lọ.

Nínú ilé tiwa, ìfẹ́ ni a fi ń sọ fún ọlọ́kùnrùn pé kí ó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ pọn omi, kí wọ́n gún iyán, kí wọ́n lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ bá a rìn láti iyàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, ẹ jẹ́ kí ó fi wákàtí tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù ṣe ohun tí ó fẹ́ràn jù, kí oorun ọ̀sán rẹ̀ sì kúrú. Bí ibà bá mú un, tàbí bí wọ́n bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Kí ó má sì gbé àárẹ̀ náà mì nítorí pé ojú ń tì í: láti 2000 ni ìlànà àwọn ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ ńlá ní Amẹ́ríkà ti dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa bi aláìsàn léèrè, láti ìgbà dé ìgbà, bí àárẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó láti òdo dé 10, kí wọ́n sì kọ iye tí ó bá dá sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀.