Àkísà Àgbà ní Ẹnu Géètì Àlejò

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ di òfin tí wọ́n fi ń pín tíkẹ́ẹ̀tì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àjò, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ kọ́ wọn lówe Yorùbá. Ìrìn àjò tí alátìlẹ́yìn ti bá ẹgbẹ́ rìn sẹ́yìn ni wọ́n ń kà, wọ́n ń pè é ní póìntì, ẹni tí tirẹ̀ bá sì pọ̀ jù ló ń kọ́kọ́ rà. Ìdí tí wọ́n fi ń kà á kò ṣòro láti mọ̀: àyè kò tó. Òfin Premier League ni pé ẹgbẹ́ tó jẹ́ àlejò yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì 3,000, tàbí ìdá kan nínú mẹ́wàá àyè pápá náà bí pápá bá kéré. Old Trafford, pápá Manchester United, ń gba èrò tó lé ní 74,000, síbẹ̀ 3,000 náà ni ti àlejò. Ìgbà tí Arsenal tàbí Liverpool bá ń lọ síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ bá wọn lọ pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì, ni wọ́n bá ní kí kálukú kó àkísà rẹ̀ wá ká kà á. Bí àkísà ọ̀hún ṣe di owó, àti ẹni tó ráyè kó o jọ, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí ìtàn ìlànà yìí ló ń fi ibi tó ti tọ́ hàn, òun náà ló sì ń fi ibi tó ti wọ́ hàn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sóhun tó ń jẹ́ pínpín. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn yóò wọ rélùwéè, yóò san ṣílè rẹ̀ lẹ́nu géètì, yóò wọlé lọ dúró. Àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè tilẹ̀ ń ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún èrò bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí èrò bá ju àyè lọ nìkan ni wàhálà ń dé, èyí tí ayé sì mọ̀ jù ni ti ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1923, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbá àṣekágbá ife FA ní Wembley. Èrò 126,047 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó wọlé. Àwọn tó gba orí ògiri wọlé pọ̀ débi pé àwọn kan fojú bu gbogbo rẹ̀ sí 200,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò bo orí pápá mọ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá orí ẹṣin, pẹ̀lú ẹṣin funfun kan tó ń jẹ́ Billy, ló rọra tì wọ́n sẹ́yìn kí Bolton àti West Ham tó rí ibi gbá bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà ni àṣekágbá ti di ti ẹni tó ti ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kó tó kúrò nílé. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá sì ti níye, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí yóò gbà á.

Ibẹ̀ ni baba ńlá póìntì ti jáde. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, Manchester United àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn máa ń tẹ tókìn kékeré kan sínú ìwé ètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà pápá. Alátìlẹ́yìn yóò gé tókìn náà, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé kan. Bí ẹgbẹ́ bá dé àṣekágbá, ẹni tí ìwé rẹ̀ kún ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Títí dòní, àwọn tó ń kó ìwé ètò àtijọ́ jọ máa ń béèrè bóyá tókìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nítorí èyí tí sísọ́ọ̀sì ti kàn kò níye lórí tó odindi. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí nítorí pé kò lọ́gbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí nínú, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń wọ̀n. Kò wọn ìfẹ́. Kò tilẹ̀ wọn wíwá sí pápá délẹ̀délẹ̀. Ríra ìwé ló ń wọ̀n. Ẹni tó lówó ìwé méjì lè gé ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀ tó sùn sílé. Ẹni tó wá, tó fi ohùn tán sórí pápá, ṣùgbọ́n tí owó ìwé kò sí lápò rẹ̀, kò ní ẹ̀rí kankan láti fi hàn. Ohun tí wọ́n fẹ́ san ẹ̀san fún àti ohun tí wọ́n lè kà kì í ṣe ọ̀kan náà láti ìpìlẹ̀ wá, kọ̀ǹpútà kò sì sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àjò ti líìgì ṣì wà ní òmìnira nígbà náà. Ìjà ló gba òmìnira ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ọgbà irin ti ń pààlà sáàárín onílé àti àlejò. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 1985, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kenilworth Road, pápá Luton Town, nígbà tí Millwall wá bá wọn gbá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ènìyàn 39 kú ní Heysel, ní Brussels, kí Liverpool àti Juventus tó gbá àṣekágbá ilẹ̀ Yúróòpù. Luton fòfin de àlejò pátápátá láti sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, onílé pàápàá sì gbọ́dọ̀ fi káàdì ọmọ ẹgbẹ́ hàn kó tó wọlé. Wọ́n tìtorí rẹ̀ yọ wọ́n kúrò nínú ife Líìgì ní sáà náà. Luton kò yí ohùn padà, ọdún mẹ́rin gbáko ni ìfòfindè náà fi wà. Ìjọba Margaret Thatcher wò ó, ó wù wọ́n, wọ́n sì fi ètò káàdì ìdánimọ̀ fún gbogbo òǹwòran sínú òfin Football Spectators Act ti 1989. Kí òfin náà tó jáde, Hillsborough ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 1989, ní Sheffield, níbi tí Liverpool àti Nottingham Forest ti fẹ́ gbá, èrò há mọ́ ẹ̀yìn ọgbà irin, ènìyàn 97 ló sì padà kú nítorí rẹ̀. Adájọ́ Taylor, tí wọ́n gbé ìwádìí rẹ̀ lé lọ́wọ́, kò fọwọ́ sí ètò káàdì nínú àbọ̀ rẹ̀ ti oṣù Kìíní 1990; ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n sọ àwọn pápá ńlá di ti ìjókòó. Káàdì kú, àga dúró. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà wà lára àga, orúkọ kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn nọ́ńbà. Lónìí, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńlá, ẹni tí kò ní nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ nínú kọ̀ǹpútà wọn kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì àjò. Káàdì tí àwọn alátìlẹ́yìn bá ìjọba jà lé lórí ni àwọn fúnra wọn ń dì mú bí ẹyin báyìí, mi ò sì rò pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kíyè sí i.

Owó ló kọ́kọ́ ń bá àwọn ẹgbẹ́ yan ènìyàn. Premier League bẹ̀rẹ̀ ní 1992, owó tẹlifíṣọ̀n wọlé, iye owó tíkẹ́ẹ̀tì kò sì yéé gòkè. Football Supporters' Federation, ẹgbẹ́ àwọn alátìlẹ́yìn, gbé ìpolongo Twenty's Plenty dìde, wọ́n ní £20 ti tó fún ẹni tó rìnrìn àjò. Ní oṣù Kejì 2016, nǹkan bí 10,000 èrò dìde kúrò ní Anfield ní ìṣẹ́jú 77, nítorí pé Liverpool fẹ́ gbé tíkẹ́ẹ̀tì kan dé £77. Oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn ẹgbẹ́ Premier League fẹnu kò pé tíkẹ́ẹ̀tì àjò kò gbọdọ̀ kọjá £30 láti sáà tó ń bọ̀. Ìṣẹ́gun ńlá ni fún tálákà, mi ò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó kò yan ènìyàn mọ́, nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ yàn án, àsìkò ló sì bọ́ sí ipò owó: iye ọdún tí o ti ń bọ̀, iye alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tó o lè yọ̀ǹda.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì àjò kọ̀ọ̀kan tó o bá rà ń fún ọ ní póìntì. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan bá ń bọ̀, ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ ṣí ọjà fún àwọn tó ní, ká sọ pé, póìntì 100 sókè. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ṣẹ́kù, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 90, wọ́n á tún sọ̀ ọ́ sí 80. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kékeré, ọjà máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní nǹkan kan. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ńlá, òkè ló ń tán sí. Ẹni tó ní 100 rà, ó di 101. Ẹni tó ní 60 kò rí i rà, ó dúró sójú kan. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àjò 19 ló wà nínú sáà líìgì kan, nítorí náà àlàfo 40 tó wà láàárín wọn lè di 59 kí ọdún tó yí po. Ẹni ẹ̀yìn kò ya ọ̀lẹ o. Ohun tí wọ́n ní kó fi dé iwájú ni wọn ò tà fún un. Ríra náà sì ni póìntì ṣì ń kà, bí tókìn ti ń ṣe. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní lọ lè ra tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ ọjọ́ Ajé kan, kó gbé e fún ẹlòmíràn, kí póìntì sì wọ orúkọ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ kan fi ń ní kí àwọn tó rà wá gba tíkẹ́ẹ̀tì wọn ní pápá tí wọ́n ń lọ, pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀. Àkísà tí ẹlòmíràn wọ̀ gbó ni wọ́n ń wá.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà kì í béèrè: ta ló lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣí? Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, National Front, ẹgbẹ́ òṣèlú ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ń ta ìwé ìròyìn wọn lẹ́yìn ògiri àwọn pápá kan. Ní 1988, wọ́n ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lu John Barnes, agbábọ́ọ̀lù adúláwọ̀ ti Liverpool, ní pápá Everton, àwòrán ibi tó ti fi gìgísẹ̀ gbá a dànù sì wà títí dòní. Òfin 1991 sọ kíkọrin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní pápá di ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá jọ kọ ọ́ nìkan. 1999 ni wọ́n tó tún un ṣe kó lè mú ẹni tó bá dá a kọ. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham ní London nígbà náà, tó fẹ́ràn Arsenal bí ẹ̀mí rẹ̀, kò ya aláìnífẹ̀ẹ́ bó bá kọ̀ láti wọ ọkọ̀ èrò bọ́ọ̀lù lọ sí ìlú àjèjì. Ọgbọ́n ni. Ìlànà póìntì kò kọrin èébú fún un, kò sì dárúkọ àwọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ń ka ọdún tí wọ́n fi dẹ́rù bà á mọ́ ọn lọ́rùn bí ọdún tí kò wá. Lójú mi, ìdí kan nìyí tí orí pápá fi yí padà kíákíá ju igun àlejò lọ: Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá, ń wọ nọ́ńbà 7 Arsenal, àwọn tí ojú wọn jọ tirẹ̀ ṣì ń wá ọ̀nà dé póìntì 60. Ẹ fi ti iṣẹ́ kún un. Nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó, àwọn tó pọ̀ nínú wa ní London, kì í mọ ọjọ́ tí wọn yóò ráyè, tẹlifíṣọ̀n sì lè gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láti ọ̀sán Sátidé lọ sí alẹ́ ọjọ́ Ajé.

Wọn á ní: ẹni tó rìn nínú òtútù oṣù Kìíní lọ sí Middlesbrough, tí wọ́n fi góòlù mẹ́rin na ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀, ṣé kò yẹ kó ṣíwájú ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ ayọ̀ nìkan ló ń yọjú? Ó yẹ. Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí á ṣẹ́ gègé lórí gbogbo rẹ̀, nítorí ìyẹn á sọ ìrìn ogún ọdún di òfo. Àwa náà mọ pínpín méjèèjì yìí dáadáa. Bí baba bá kú, a lè pín ogún rẹ̀ ní ìdí igi, kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan fún àwọn ọmọ rẹ̀. A sì lè pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole lọ láti Èkó dé Privy Council, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní London, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ní 1962 pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá. Orí-ò-jorí wà fún olórí ẹbí láti fi parí ìjà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní kí àbíkẹ́yìn jáde lọ́wọ́ òfo nínú méjèèjì nítorí pé ó pẹ́ dé. Bí ìpín kò tilẹ̀ dọ́gba, ìpín wà. Póìntì tí kì í kú ló ń ṣe ohun tí kò sí nínú ọ̀kankan nínú wọn.

Àwọn kan á ní alájàpá ni yóò kó tíkẹ́ẹ̀tì gègé lọ. Ẹnu géètì ni wọ́n ti ń mú alájàpá, ọ̀nà yòówù kí a gbà pín in, àyálò tíkẹ́ẹ̀tì sì ti pọ̀ lábẹ́ póìntì náà. Àwọn mìíràn á ní ó kéré tán, nọ́ńbà kò mọ ojú, kò sẹ́ni tó lè fi mọ̀lẹ́bí rẹ̀ síwájú. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí a pàdánù ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlà lè tọ́ gbọnrangandan kí ó má sì sún.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí póìntì máa kú lẹ́yìn sáà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń ka sáà àìpẹ́ nìkan tẹ́lẹ̀. Kí ó jẹ́ pé ẹni tó gba géètì àlejò wọlé ló ń gba póìntì. Kí wọ́n sì yọ 300 nínú 3,000 fún gègé láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ọjà kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Àgbà 300 yóò pàdánù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá pín in kárí, kan tàbí méjì nínú 19 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, àkísà yòókù á ṣì wà lọ́rùn wọn. Kí wọ́n tó bínú, kí wọ́n rántí ẹni tó fún wọn ní igun tí wọ́n jókòó sí. Ní Argentina, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò ní ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ní 2013. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tí pápá rẹ̀ kéré ní èrò tirẹ̀ tó lè kún àga àlejò fọ́fọ́, síbẹ̀ òfin ní kó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ fún ẹni tó ń ti ibòmíràn bọ̀. Ìdá kan náà ni mo ń bẹ̀ wọ́n fún.