Ìmọ̀ràn Mẹkáníìkì: Bí Ọ̀rọ̀ Ìtọ́jú Ọkọ̀ Ṣe Pẹ́ Láyé Ju Ọkọ̀ Tí A Sọ Ọ́ Fún Lọ

Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kì í wá olùdámọ̀ràn tì. Kí ó tó gbé ọkọ̀ náà dé ilé, aládùúgbò kan yóò ti sọ fún un pé kí ó máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa ní òwúrọ̀ kí ó tó wà á jáde. Ẹlòmíràn yóò ní kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì tí ó ṣàn bí omi sínú rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó bá sì kọ́kọ́ ṣí bóńẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè ní kí a yọ tẹmosítáàtì dànù, nítorí pé ilẹ̀ òtútù ni òyìnbó ṣe é fún.

Ẹ̀yin olùkàwé mi, mi ò fẹ́ fi ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n bi ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan léèrè pé: ìgbà wo ni a bí ọ, ọkọ̀ wo ni a sì sọ ọ́ fún? Bí mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ náà ni ó ń hàn sí mi pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òtítọ́ ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ sọ wọ́n. Ọkọ̀ ni ó yí padà, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Ẹ́ńjìnnì tí ó kú láàárín méjèèjì kò sì níye.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè, nítorí èdè ni ó kọ́kọ́ gba ọkọ̀ lálejò. Kí ọkọ̀ tó dé orí ilẹ̀, orí omi ni ó wà: igi tí a gbẹ́ ni ọkọ̀, àjẹ̀ ni a sì fi ń wà á. Nígbà tí ẹ̀rọ òyìnbó dé, àwọn baba wa kò wá ọ̀rọ̀ tuntun kiri. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ni, wọ́n sì ní wíwà ni a ń wà á. Títí di òní, ẹni tí ó di sítíárì mú ní títì márosẹ̀ ń jẹ́ awakọ̀, orúkọ kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó wà nínú ọ̀sà. Èyí tí ó kéré, tí ó ń rọra lọ láìpariwo bíi lọ́rì, wọ́n pè é ní ayọ́kẹ́lẹ́. Bákan náà ni a ń sọ pé bíréèkì já, bí ẹni pé okùn ni. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ́ìlì tí a tì sínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ibi táyà, páìpù náà lè jò, rọ́bà inú rẹ̀ sì lè jẹ láìsí ohun kan tí ó já. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ pé bíréèkì já mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò sì ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún 1901 ni ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Ní 1906 ni a la ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, kí ẹrù àti èrò lè rí ọ̀nà dé ibùdókọ̀ ojú irin. Láàárín ìgbà náà ni àwọn bíi W. A. Dawodu ní Èkó ń ta kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Ọkọ̀ a máa takú níbi tí kò sí ilé iṣẹ́ òyìnbó nítòsí, ẹni tí ó sì mọ irin jù lọ ní àdúgbò ni alágbẹ̀dẹ. Mo rò pé èyí wà lára ìdí tí ọkọ̀ fi bọ́ sábẹ́ Ògún láìsí àríyànjiyàn: irin ni, ọ̀nà ni ó ń tọ̀, ó sì ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ náà jèrè tirẹ̀, nítorí pé irin sípíríǹgì lọ́rì tí ó ti ṣẹ́ di àdá àti ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ síbi fọkanáísà. Ní 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá fi imí-ọjọ́ po rọ́bà tí a sì fi iná sí i, kò ní yọ́ nínú oòrùn mọ́, kò sì ní le gbagidi nínú òtútù. Orúkọ tí wọ́n sọ iṣẹ́ náà wá láti ara Vulcan, òrìṣà iná àti àgbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Nítorí náà, ọkùnrin tí ó jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀, tí ó ń fi iná lẹ túúbù tí ó lu, ń jẹ́ orúkọ òrìṣà alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ mìíràn, ó sì tún ń fi Ògún búra. Kò sí ẹni tí ó pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ìmọ̀ ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ní ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ṣe pàtàkì jù sí ọ̀rọ̀ mi. Ọmọ iṣẹ́ ń wo ọ̀gá. Ó ń fọ irin, ó ń gbé sípánà, ó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ gbé tọ́ọ̀ṣì dání, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó gba fíríídọ̀mù, ó sì di ọ̀gá. Kò sí ìwé nínú rẹ̀. Ojú àti etí ni ìwé wọn, mo sì ti rí ẹni tí ó fi etí nìkan mọ ẹ́ńjìnnì tí ó ń nọ́ọ̀kì láti ìdí géètì. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ kì í bi ọ̀gá ní ìdí. Bí ó bá bi í, a lè pè é ní aláfojúdi. Bí a ṣe ń ṣe é ni ó ń jogún, kì í sáà jogún ìdí tí a fi ń ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní ọwọ́ òsì, tí ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Morris Minor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ojú ti mọ́ jù tẹ́lẹ̀. Ní 1975, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní ọ̀nà Badagry ní Èkó, wọ́n sì ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Àkókò owó Udoji ni, nígbà tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gòkè, tí wọ́n sì rí àjẹsílẹ̀ gbà. Olùkọ́ tí ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ di ẹni tí ó ń wa ọkọ̀.

Volkswagen kékeré náà ni Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kò sì ní rédíétọ̀. Atẹ́gùn ni ó ń tù ú. Bẹ́ẹ̀lìtì kan ṣoṣo ni ó ń yí fáànù tí ó ń fẹ́ ẹ àti ẹ̀rọ tí ó ń mú iná wá, nítorí náà bí iná pupa bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ṣeé ṣe kí bẹ́ẹ̀lìtì ti já, kí ẹ́ńjìnnì sì máa jóná lọ. Ẹni tí ó bá ní òun yóò dé ilé ná kò ní dé ilé. Ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ, kò ní fílítà, asẹ́ onírin lásán ni ó ní. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì. Nínú ooru tiwa, ọ́ìlì tí ó nípọn ni ó bá a lára mu.

Kábúrétọ̀ ni ó ń po epo pọ̀ mọ́ atẹ́gùn nínú Ìjàpá àti nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, epo kì í di oúrùku dáadáa, ọkọ̀ a máa kú lójijì bí a bá tètè gbéra. Awakọ̀ a tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ìtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yí kọ́kọ́rọ́, nítorí ìtẹ̀ náà ń ta epo díẹ̀ sínú kábúrétọ̀. Lẹ́yìn náà a jẹ́ kí ó máa dún títí tí yóò fi gbóná. Ọgbọ́n ni èyí, gbogbo rẹ̀ ni ó sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1990, kọ̀ǹpútà ni ó ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun. Kò sí ohun tí títẹ ẹsẹ̀ ṣáájú kọ́kọ́rọ́ ń ṣe nínú wọn mọ́. Kí ọ́ìlì yí ká fún bí ìdajì ìṣẹ́jú ti tó, kí a sì rọra wà á lọ títí tí yóò fi gbóná lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó dún fún ogún ìṣẹ́jú nínú ọgbà ń jó epo, ó sì ń da èéfín sí ojú fèrèsé àwọn ọmọ rẹ̀.

Tẹmosítáàtì ni ó dùn mí jù. Ìlẹ̀kùn kékeré kan ni, tí ìda wà nínú rẹ̀. Bí omi ẹ́ńjìnnì bá tutù, ìlẹ̀kùn náà wà ní títì, omi náà ń yí nínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè tètè gbóná. Bí ó bá tó ìwọ̀n bí 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìda náà wú, ó ti ìlẹ̀kùn ṣí, omi sì ń lọ sí rédíétọ̀ láti lọ tutù. Báwo ni a ṣe wá sọ ọ́ di ọ̀tá? Ní èrò tèmi, omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga ni a ń dà sínú rédíétọ̀ àwọn Peugeot àti lọ́rì ìgbà náà. Omi náà ń mú ìpẹtà wá, ìpẹtà náà ń dí ìlẹ̀kùn yẹn pa, ọkọ̀ a sì hó lójú ọ̀nà níbi tí kò sí ẹni tí ó ń ta òmíràn. Mẹkáníìkì tí ó yọ ọ́ dànù ní ọjọ́ náà gba èrò sílẹ̀ lọ́wọ́ òru. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí i, ó sì kọ́ ọ. Nígbà tí òun náà di ọ̀gá, ó ní láti sọ ìdí kan fún oníbàárà, ó wá sọ pé ilẹ̀ òtútù ni a ṣe é fún.

Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí, bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì lè máa tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Kọ̀ǹpútà yóò rò pé òwúrọ̀ ni, yóò máa da epo sí i. Oníọkọ̀ yóò wá máa ṣépè fún ilé epo. Èyí tí ó burú jù ni pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tẹmosítáàtì kan náà ni ó ń ti ọ̀nà àbùjá omi pa nígbà tí ó bá ṣí ti rédíétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, lára omi gbígbóná náà yóò máa gba àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Ọkọ̀ tí a yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ kí ó má baà gbóná yóò wá gbóná ní orí òkè tàbí nínú súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ. Orí ẹ́ńjìnnì òde òní jẹ́ aluminíọ̀mù, kò rí ara gba ìgbóná bẹ́ẹ̀: yóò tẹ̀, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì yóò jó, owó rẹpẹtẹ ti lọ. Tẹmosítáàtì tuntun àti omi kúláńtì tí kì í jẹ́ kí irin pẹtà ni oògùn rẹ̀, wọn kò sì wọ́n tó ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, tí náírà bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí òṣìṣẹ́ ń fi ojú lásán wò. Àlòkù ilẹ̀ òkèèrè ni ó kún ìgboro, Yorùbá sì fún un ní orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí ó padà wá sílé: Tòkunbọ̀, èyí tí ó ti òkun bọ̀. N kò mọ orúkọ tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún, Tòkunbọ̀ náà sì gbé àṣà ilẹ̀ mìíràn bọ̀. Láti 1995 ni Toyota ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì VVT-i, èyí tí ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ń ti ohun èlò inú rẹ̀ síwá sẹ́yìn gba ojú ihò tóóró. Ọ́ìlì nínípọn tí a jogún láti ìgbà Ìjàpá lè má tètè dé ibẹ̀. Ìwé ọkọ̀ náà ni ó yẹ kí a gbà gbọ́, kì í ṣe ọwọ́ tí ó fi ọ́ìlì yí ọmọ ìka wò.

Táyà àlòkù tún nìyẹn. Ẹ má wo bí eyín rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ nìkan, nítorí rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Ẹ wá DOT lára rẹ̀. Láti ọdún 2000, nọ́ńbà mẹ́rin ni ó parí àmì náà. Bí ẹ bá rí 3512, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tí ó tà á fún yín lè máa pè é ní tuntun.

Kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ràn àtijọ́ ni ó gbó. Kí a má ṣe ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá ń gbóná ṣì jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé: omi inú rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n híhó, ìdérí ni ó dì í mú, yóò sì fò mọ́ ẹni tí ó bá ṣí i lójú. Iná pupa Ìjàpá ṣì ń sọ pé kí a dúró.

Láti ọdún ọkọ̀ 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ojú ihò OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ibi tí a ti lè fi ẹ̀rọ ka àìsàn rẹ̀. Tòkunbọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ihò náà wá sí Ládìípọ̀ àti sí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí ẹlòmíràn rò pé ihò lásán ni. Nísinsìnyí, mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré sí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ “síkáànì” ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà ń kọ nọ́ńbà jáde, nọ́ńbà náà kò sì sọ ju ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò lọ. Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo máa ń yà sí, ọmọ iṣẹ́ ni ó ń ka nọ́ńbà sókè, ọ̀gá rẹ̀ tí orí rẹ̀ ti funfun ni ó ń tẹ́ etí sí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ohun tí méjèèjì gbọ́ kò bá dọ́gba, mo ti gbọ́ tí ọmọ náà ń béèrè ìdí, ọ̀gá náà sì ń dá a lóhùn.